Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n ní ó jí fóònù ń pẹ́ lẹ́wọ̀n ju ẹni tó kó bílíọ̀nù lọ?

Arábìnrin kan tó ń ta oúnjẹ n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Lọ́yà. Àwọn ọlọ́pàá mú àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ fọkanáísà nígbà tí wọ́n wá kó àwọn ọmọkùnrin ládùúgbò wa. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó ń jí fóònù. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tó ti wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Wọ́n fún un ní béèlì, àmọ́ wọ́n ní kí onídùúró rẹ̀ jẹ́ onílé tàbí ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo ní kí n dúró fún un, wọ́n ní obìnrin ni mí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, a sì ń gbọ́ pé ẹni tó kó owó ìlú jẹ san owó díẹ̀, ó sì gba ilé lọ. Ṣé bí òfin ṣe wà nìyẹn, àbí àwọn èèyàn burúkú ló ń ba òfin jẹ́?"

Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Ọ̀rọ̀ béèlì yẹn, wọn ò sọ òótọ́ fún ọ, màá sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí o bi mí gan-an. Ọ̀pọ̀ tó ń bi mí ní irú rẹ̀ ń retí kí n bú adájọ́ ni. Adájọ́ ní ẹ̀bi tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn tó kọ ìwé òfin ti pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ńlá àti kékeré, ọlọ́pàá ti yan ẹni tí yóò mú, olùpẹ̀jọ́ sì ti yan ẹ̀sùn tí yóò kà sí i lọ́rùn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà olówó àti ti tálákà ti yà.

Wo ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Ní oṣù Kíní ọdún 2013, John Yusufu, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó owó náà, dúró níwájú ilé ẹjọ́ gíga l'Abuja, ó sì fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta. Owó tí ẹjọ́ náà dá lé lórí lé ní bílíọ̀nù 20 náírà. Owó àwọn arúgbó ni, àwọn tó fi ìgbà èwe wọn ṣọ́ ìlú, tí wọ́n wá ń tò síta nínú oòrùn kí wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ wọn. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, tàbí kó san 250,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 750,000 náírà. Ó san án, ó sì jáde.

Gbogbo ìlú gbiná jẹ. Àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ dá adájọ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù 12. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀: adájọ́ kan ṣèèmọ̀, wọ́n sì bá a wí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí mo mọ ohun tó wà nínú ìwé tó ṣí síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Abala 309 nínú Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní Àríwá àti l'Abuja, ni wọ́n fi pè é lẹ́jọ́. Ohun tí abala yẹn sọ ni pé ẹni tó bá fi èrú sọ nǹkan oní-nǹkan di tara rẹ̀ yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kó san owó ìtanràn, tàbí méjèèjì. Ìwé náà kò bèèrè bóyá ẹgbẹ̀rún náírà ni tàbí bílíọ̀nù. Nígbà tí ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, àwọn adájọ́ ibẹ̀ yọ owó ìtanràn yẹn kúrò, wọ́n ní kó dá owó tó kó padà, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ní 2018. Ọdún mélòó? Ọdún 6, ìyẹn ọdún 2 lọ́nà mẹ́ta, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni abala náà gbé wọn dé. Wọn ò lè kọjá rẹ̀.

Wá ṣí ìwé kan náà padà sẹ́yìn, sí abala 287. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ olè jíjà lásán wà: ẹni tó wọ ọgbà ẹlòmíràn tó jí ewúrẹ́ gbé. Ọdún 5 ni ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ lè dé. Ìwé òfin kan ṣoṣo ni o. Ẹni tó fi ọwọ́ gbé ewúrẹ́ lè ṣe ọdún 5 lórí ẹ̀sùn kan, ẹni tó fi bírò gbé bílíọ̀nù lè ṣe ọdún 2. Àwọn tó kọ ọ́ mọ irú ẹni tó ń wọ ọgbà lóru, wọ́n sì mọ irú ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì. Ẹni tó jọ wọ́n ni wọ́n fọwọ́ rọra mú.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala kan wà nínú ìwé náà, 315, tó wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá da ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ lè dé ọdún 14. Ta ló yàn pé 309 ni kí wọ́n fi pè é? Olùpẹ̀jọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀lé olùpẹ̀jọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe ìyẹn, kò sí oníròyìn níbẹ̀, kò sì sí òfin tó ní kó wá ṣàlàyé fún ará ìlú. Bí ọ̀daràn bá ní lọ́yà àgbà mẹ́rin tó lè wá jókòó bá a dúnàá dúrà, abala tó fúyẹ́ ni yóò bọ́ sí ojútáyé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí kò ní lọ́yà rárá ńkọ́?

Ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dá ẹjọ́ ikú fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ pé ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí wọ́n mú un. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé torí adìẹ ni. Mo fẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, adìẹ sì wà lára ohun tí wọ́n ní wọ́n jí. Tí ilé ẹjọ́ bá ti gbà pé ìdigunjalè ni, òfin kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún adájọ́. Ikú ni. Kò lè wo iye tí ohun tí wọ́n kó tó. Inú ìbẹ̀rù ìgbà lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni òfin yẹn ti wá, ní 1970, kété kí ìjọba ológun tó bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn adigunjalè mọ́ igi létí òkun Bar Beach tí wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n lójú gbogbo ayé. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn lo nǹkan bí ọdún 10 lábẹ́ ìdájọ́ ikú kí Gómìnà Ademola Adeleke tó dárí jì í ní oṣù Kejìlá 2024. Inú mi dùn pé wọ́n dárí jì í. Ṣùgbọ́n fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó kó bílíọ̀nù, òfin fún adájọ́ láyè láti ṣàánú. Fún ọmọ yìí, àfi gómìnà.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí àwọn tálákà ló ń jí fóònù, ṣé kí a máa wò wọ́n ni? Rárá o. Ẹni tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ tàbí Ọ̀shòdì sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, kì í ṣe ẹni tó ní dírẹ́bà. Tálákà nílò òfin ju olówó lọ, torí olówó lè kọ́ ògiri gíga kó sì gba ọdẹ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òfin tó ń yára mú olè fóònù kì í rí ẹni tó jí owó iṣẹ́ tálákà kan náà.

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ọdún 2003 sọ pé ẹni tó bá kiri ọjà lójú títì lè san 90,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ní oṣù Keje 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde pé àwọn yóò mú un ṣẹ, àti lórí ẹni tó ń tà àti lórí ẹni tó ń rà. Lásìkò yẹn, 18,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí. Owó iṣẹ́ oṣù 5 gbáko nìyẹn, fún ọmọ tó gbé omi pure water tàbí gálà lé orí. Bí o bá wá mú Òfin Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tó ti wà láti 1974, agbanisíṣẹ́ tó bá tẹ àwọn ìlànà rẹ̀ lórí owó iṣẹ́ lójú, ìtanràn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 800 náírà lọ. Bí ó bá tún ṣe é, 1,500. Àwo ìrẹsì kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, mo mọ̀ pé ó ti ju 800 lọ.

Wò ó dáadáa, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó fi owó oṣù 4 àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ra mọ́tò, tí ìyàwó òṣìṣẹ́ kan bímọ tí wọn ò rí owó ìwòsàn san, ó ti ṣe ìkà ju ọmọ tó ń kiri gálà lọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe ọ̀gá yẹn ní ọ̀daràn. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ fẹjọ́ sùn ní tẹ́sàn, wọ́n á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, kó lọ gba lọ́yà. Lọ́jọ́ kejì, olówó tí ẹnì kan jẹ ní gbèsè á wọ tẹ́sàn kan náà, wọ́n á sì bá a mú onígbèsè náà wá, bẹ́ẹ̀ òfin ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí gbèsè tàbí torí àdéhùn tí kò ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ kíkó tí wọ́n kó àbúrò rẹ lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, ìtàn rẹ̀ gùn. Ní 1824, lẹ́yìn tí ogun Napoleon parí, ojú títì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún fún àwọn sójà tí wọ́n tú sílẹ̀ láìríṣẹ́ àti àwọn tálákà tí kò rí ibi sùn. Àwọn onílẹ̀ bẹ̀rù wọn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, tí àwọn onílẹ̀ náà kún inú rẹ̀, ṣe òfin pé ẹni tó bá ń rìn gbéregbère, tí kò sì lè ṣàlàyé ara rẹ̀, kí wọ́n mú un. Èèyàn kò ní láti jí nǹkan kan. Kó kàn tòṣì, kó sì wà níta, ó ti tó.

Lugard mú ìwé òfin ọ̀daràn kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ fún Queensland ní Ọsirélíà wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, ó sì tàn án ká gbogbo Nàìjíríà ní 1916. Irú òfin 1824 yẹn bá a wọlé. Ó wà nínú abala 250 ìwé náà, ìyẹn Criminal Code, tó yàtọ̀ sí Penal Code: ẹni tí wọ́n fura sí, tí kò ní ohun tó ń jẹ tí ojú rí, tí kò sì lè sọ ohun tó ń ṣe ní ibi tó wà. Àwọn bàbá wa tó wà l'Ékòó nígbà yẹn mọ orúkọ ẹ̀sùn náà dáadáa: wándàrìn. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹni tó jáde lọ ra oògùn fún ọmọ, bí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá ti dé, wọ́n á kó wọn lọ. Wọn kì í dé Ìkòyí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni. Àwọn ọmọ wa tó dàgbà ní London láàárín 1970 sí 1980 jìyà abẹ́ òfin 1824 gan-an. Ọlọ́pàá lè mú ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ní Brixton, kó ní òun fura pé ó fẹ́ jalè, ẹ̀rí ọlọ́pàá méjì sì ti tó láti dá a lẹ́bi. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Brixton ní oṣù Kẹrin 1981, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì fagi lé apá yẹn nínú òfin. Níbí, ó di 1989 kí ìjọba ológun tó ṣe òfin pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn fún wándàrìn mọ́. Ó ti lé ní ọdún 30 báyìí. Réèdì kò dáwọ́ dúró, ẹ̀sùn ni wọ́n pààrọ̀. Bí wọ́n bá ti kó yín tán, wọ́n á wá ẹ̀sùn tí yóò bá yín mu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bí ọ̀rọ̀ fóònù ṣe kan àbúrò rẹ nìyẹn.

Ìjọba amúnisìn tún mọ bí wọ́n ṣe ń fi òfin ọ̀daràn pa ẹnu ẹni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ní 1928, wọ́n rán Herbert Macaulay lẹ́wọ̀n oṣù 6 torí ìwé ìròyìn rẹ̀ gbé e jáde pé wọ́n fẹ́ pa Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí, ọba Èkó nígbà kan. Ẹ̀wọ̀n tó ti ṣe ní 1913 àti èyí ni wọ́n fi dí i lọ́nà, tí kò fi lè dupò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ ń wọlé sí. Ìwé òfin tó ti ọwọ́ irú ìjọba bẹ́ẹ̀ wá náà ló sọ pé ẹni tó bá fipá fọwọ́ kan ọkùnrin ní ìfọwọ́kàn ẹ̀gbin lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tó bá jẹ́ obìnrin, ọdún 2. Ó wà níbẹ̀, ní abala 353 àti 360. Mo kà á fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, wọn ò gbà mí gbọ́ títí mo fi gbé ìwé náà lé wọn lọ́wọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n tí àbúrò rẹ wà láìtíì gbọ́ ẹjọ́. Lójú tèmi, kò sí ibi tí òṣì ti ń di ẹ̀ṣẹ̀ tó ibẹ̀. Àwọn tó ń retí ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà. Ó ti pẹ́ tí iye wọn ti ń tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Kò tíì sí adájọ́ tó ní wọ́n jẹ̀bi. Àwọn àgbà wa ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn. Ti àwọn wọ̀nyí burú ju ìyẹn lọ, torí wọn ò tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ìyà sì ti ń lọ. Ẹlòmíràn á ti lo ọdún 3 lórí ẹ̀sùn tó jẹ́ pé, ká ní ó jẹ̀bi lọ́jọ́ kìíní, oṣù 6 ni ì bá ṣe. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kó kúkú gbà pé òun jẹ̀bi, kó lè lọ sílé. Ó sì máa ń gbà, kódà bí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀daràn ni ìwé á máa pè é.

Ẹni tó lówó kì í pẹ́ níbẹ̀. James Ibori, tó ti ṣe gómìnà ní Delta, ilé ẹjọ́ ní Asaba da ẹ̀sùn 170 tí wọ́n fi kàn án nù lọ́jọ́ kan ní oṣù Kejìlá 2009. Nígbà tó dé London, ó gbà pé òun jẹ̀bi àwọn ẹ̀sùn kan, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 13 ní 2012. Ọkùnrin kan náà ni. Ohun tó ní lẹ́yìn nílé ni kò tẹ̀lé e dé London.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, apá kan nínú òfin wa rí bẹ́ẹ̀ látinú ìwé wá. Ṣùgbọ́n apá mìíràn wà tó wà fún ọ, tí wọn kì í jẹ́ kí irú ẹ gbọ́ nípa rẹ̀. Ìwọ̀nyí ni kí o dì mú.

Irọ́ ni pé obìnrin ò lè ṣe onídùúró. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2015, sọ ọ́ ní abala 167 pé wọn ò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni ní onídùúró nítorí pé obìnrin ni. Àwọn ìpínlẹ̀ wa náà ti ṣe irú òfin yẹn tiwọn. Bí akọ̀wé kọ́ọ̀tù bá tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Kò ní kọ ọ́.

Ti ilé àti ọ̀gá ìjọba yẹn, lọ́yà lè gba ilé ẹjọ́ lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù, torí òfin ní béèlì kò gbọdọ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. O ò sì nílò owó lọ́yà. Àjọ tó ń gba ẹjọ́ rò fún aláìní, Legal Aid Council, ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Mú nọ́ńbà ẹjọ́ dání, orúkọ kọ́ọ̀tù, àti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Bí o kò bá ní nọ́ńbà ẹjọ́, lọ bá akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Lẹ́yìn náà, Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ máa ń lọ yẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò, òfin sì fún un lágbára láti tú àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ láìgbẹ́jọ́ sílẹ̀. Orúkọ tó bá wà nínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló máa rí. Kí lọ́yà yín kọ̀wé sí i ṣáájú, kí orúkọ àbúrò rẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ kan fún ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n mú un, kó kọ iye oṣù tó ti lò, kó sì kọ iye ẹ̀wọ̀n tó ga jù tí ẹ̀sùn náà lè fún un. Ìṣirò yẹn ni kí ó wà lókè lẹ́tà, kí ẹ̀bẹ̀ tó tẹ̀lé e.